WÁRÁPÁ ÀTI ÈJÌKÁ TÍ Ó YẸ̀ SẸ́YÌN

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Bí wárápá bá gbé ènìyàn, ohun tí gbogbo wa máa ń rí ni itọ́ tí ń hó lẹ́nu, ojú tí ó yí sókè, àti ọwọ́ òun ẹsẹ̀ tí ń gbọ̀n. Bí ara bá ti rọlẹ̀, tí onítọ̀hún bá lajú, a ó dúpẹ́, a ó ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó lè ṣẹlẹ̀ lábẹ́ aṣọ láàárín ìṣẹ́jú méjì náà, tí ẹnikẹ́ni kò ní fojú rí. Eegun apá lè fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lọ jókòó sí ẹ̀yìn èjìká. Ọ̀ràn èjìká yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò.

Ẹ̀yin òǹkàwé lè bi mí pé, kí ni ó kan ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ eegun? Èsì mi ni pé ó kàn wá ní ọ̀nà méjì. Èkínní, ọmọ ènìyàn ni wá kí a tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kò sì sí agbo ilé tí wárápá kò lè dé. Èkejì, bí a ṣe ń sọ èdè wa, àti ohun tí a kì í fẹ́ fi ẹnu wa sọ, wà lára ohun tí ń fi èjìká yìí pamọ́ fún dókítà. Ìsọlọ̀ ni mo ń gbé, Òṣòdì ni mo ti ń wọkọ̀. Nítorí náà láti ibẹ̀ ni n ó ti sọ̀rọ̀.

OHUN TÍ WÁRÁPÁ JẸ́

Yorùbá ya gìrì sọ́tọ̀ kúrò lára wárápá. Gìrì ni a sábà máa ń pe èyí tí ń mú ọmọdé nígbà tí ibà bá mú ara rẹ̀ gbóná. Wárápá ni èyí tí ń lọ tí ń bọ̀, tí kò wo ti ibà. Inú ọpọlọ ni méjèèjì ti ń wá. Agbára kékeré kan, tí ó jọ ti iná mànàmáná, ni àwọn ẹ̀yà tín-ín-tìn-ìn-tín inú ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí púpọ̀ nínú wọn bá pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo iṣan ara ni yóò gbọ́ àṣẹ náà, ara yóò le gbandi, yóò sì máa gbọ̀n. Itọ́ lásán ni ohun tí ń hó lẹ́nu. Kò ràn mọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà ta sí i lára.

Àìsàn yìí kò ṣọ̀wọ́n bí a ti rò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó gbé ayé láti 1935 sí 1995, kó àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ lọ sí Igbó-Ọrà, wọ́n sì yẹ àwọn ará ìlú tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19,000 wò láti ojúlé dé ojúlé. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987, wọ́n rí i pé nínú 1,000 ènìyàn, ó lé díẹ̀ ní 5 tí ó ní wárápá. Bí a bá fi èyí wo ilé ẹ̀kọ́ tí ó ní 2,000 akẹ́kọ̀ọ́, a jẹ́ pé nǹkan bí 10 lè wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbé e kiri láìsọ fún ẹnì kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ní i káàkiri ayé.

Kì í sì í ṣe wárápá nìkan ní í mú ara gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀ jù, ẹni tí ó ti ń mu ọtí lámujù tí ó sì dá a dúró lójijì, aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, ẹni tí ó fi orí gbá: ó lè mú gbogbo wọn. Iná mànàmáná tí ó bá gbé ènìyàn náà lè fa iṣan bákan náà. Ẹ̀kọ́ èjìká tí mo fẹ́ kọ́ wa yìí kan gbogbo wọn.

BÍ ÈJÌKÁ ṢE RÍ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi èjìká wé ìgbáròkó. Orí eegun itan wọlé ṣinṣin sínú ihò jíjìn, bí ọmọ odó ti ń wọ inú odó. Èjìká kò rí bẹ́ẹ̀. Orí eegun apá tóbi, ó rí roboto. Ibi tí ó fẹ̀yìn tì kéré, kò sì jìn. Ńṣe ni ó dà bí ẹyin tí a gbé lé orí àwo pẹlẹbẹ. Ìdí nìyí tí a fi lè ju apá wa síwá sẹ́yìn, kí a gbé e sókè, kí a fi họ ẹ̀yìn. Ìdí nìyí náà tí èjìká fi ń yẹ̀ ju gbogbo oríkèé ńlá yòókù lọ. Iṣan ni ó ń dì í mú.

Àwọn iṣan náà pín sí ọ̀wọ́ méjì. Ọ̀wọ́ kan ń yí apá wọ inú, bí ẹni tí ó fẹ́ ká ọwọ́ sí àyà. Iṣan àyà, iṣan ńlá ẹ̀yìn àti èyí tí ó wà lábẹ́ eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká wà nínú wọn. Ọ̀wọ́ kejì ń yí apá síta. Wọn kò pọ̀, wọn kò sì lágbára tó ti àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ gbogbo, ọpọlọ ni adájọ́ láàárín wọn. Bí ọ̀kan bá ń fà, èkejì yóò dẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wárápá bá dé, kò sí adájọ́ mọ́. Gbogbo wọn ni yóò fà lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, àwọn tí ó lágbára jù ni yóò sì borí. Apá yóò yí wọ inú, orí eegun yóò sì yọ́ gba ẹ̀yìn jáde kúrò lórí àwo rẹ̀. Bí ó ti ń jáde, etí àwo náà lè tẹ̀ ẹ́ kí ó fi ojú kòtò sí i lára, bí ìgbà tí a bá fi etí abọ́ tẹ òkèlè ẹ̀bà.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níhìn-ín: n kò tíì sọ pé ẹni náà ṣubú. Kò di dandan kí ó ṣubú. Orí bẹ́ẹ̀dì tí ó tẹ́ pẹẹ ni ó lè wà kí èjìká tó yẹ̀, ó sì lè jẹ́ méjèèjì ni yóò yẹ̀ pọ̀. Bí ó bá sì ṣubú lóòótọ́, èjìká lè yẹ̀ síwájú gẹ́gẹ́ bí ti àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù, eegun sì lè ṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1839, oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Sir Astley Cooper, kọ̀wé nípa ẹni tí wárápá yẹ èjìká rẹ̀ sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà eegun ti mọ̀ pé bí wọ́n bá rí èjìká tí ó yẹ̀ sẹ́yìn, pàápàá ti ọwọ́ méjèèjì, wárápá ni kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè.

OHUN TÍ Ó Ń FI Í PAMỌ́

Nínú 100 èjìká tí ó yẹ̀, nǹkan bí 2 sí 4 péré ni ó ń yẹ̀ sẹ́yìn. Èyí tí ó burú níbẹ̀ ni pé nǹkan bí ìdajì wọn ni wọn kì í rí nígbà àkọ́kọ́ tí aláìsàn bá dé ilé ìwòsàn, àní ní àwọn ìlú tí ó lówó pàápàá. Ohun mẹ́ta ni ó ń fa èyí.

Àkọ́kọ́ ni ìrísí. Èjìká tí ó yẹ̀ síwájú kì í fara sin. Yóò tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, apá yóò yà sọ́tọ̀, ọmọdé pàápàá yóò mọ̀ pé nǹkan ṣe. Èyí tí ó yẹ̀ sẹ́yìn kò rí bẹ́ẹ̀. Aláìsàn yóò kàn ká ọwọ́ sí àyà bí ẹni tí òtútù ń mú. Bí ó bá sanra, a kò ní rí ohunkóhun.

Èkejì ni àwòrán. Bí wọ́n bá fi ẹ́ksíréè ya èjìká láti iwájú nìkan, orí eegun tí ó ti wà lẹ́yìn yóò ṣì hàn bí ẹni pé ó wà lójú àwo rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn méjì tí ó tò tẹ̀ lé ara wọn ti ń jọ ẹnì kan lójú ẹni tí ó wà níwájú. Ẹni tí ojú rẹ̀ là lè rí i pé orí eegun náà rí roboto bí gílóòbù iná, nítorí pé ó ti yí wọ inú. Àwòrán kejì, tí a yà láti ẹ̀gbẹ́ tàbí láti abẹ́ abíyá, ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ẹnu wa, èyí gan-an ni ó sì kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Láti èjìká títí dé orí ìka, ọwọ́ ni Yorùbá sábà máa ń pè é. Ẹni tí ìgúnpá ń dùn yóò ní ọwọ́ ń dun òun, ẹni tí ọrùn ọwọ́ ń dùn yóò ní ọwọ́ ni, ẹni tí èjìká rẹ̀ yẹ̀ náà yóò ní ọwọ́ ni. Bí ẹni tí ń ṣe ògbufọ̀ bá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀, ibòmíràn ni wọn yóò yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni èdè wa kò tòṣì rárá. A ní ṣẹ́, a ní rọ́, a ní yẹ̀. Eegun tí ó ṣẹ́ ti di méjì. Oríkèé tí ó rọ́ ṣì wà ní àyè rẹ̀, ohun tí ó dì í mú ni ó fà. Oríkèé tí ó yẹ̀ ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Ìtọ́jú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra. Ohun tí ó kù ni kí a lo ọ̀rọ̀ náà bí ó ti yẹ, kí a sì fi ìka tọ́ ibi tí ó ń dùn gan-an.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fẹ́ sọ rárá, òun ni wárápá fúnra rẹ̀. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa ní Ìsọlọ̀, télọ̀ ni. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Wárápá gbé e lóru lórí ibùsùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè gbé ọwọ́ ọ̀tún. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan, ó sì sọ fún wọn pé ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Wọ́n ya àwòrán kan ṣoṣo, wọ́n ní eegun kò ṣẹ́, wọ́n fún un ní oògùn apara-ríro. Wọ́n gbé e dé ilé, wọ́n ń fi òrí ra á. Ó tó oṣù mẹ́ta kí dókítà mìíràn tó bi í pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé wárápá ti gbé yín rí?" Ojú ilẹ̀ ni ó ń wò nígbà tí ó dáhùn. Àwòrán kejì fi hàn pé láti oṣù mẹ́ta náà ni èjìká ti wà lẹ́yìn.

Nígbà tí mo lọ kí wọn, mo ní, "Màmá, ẹ kú ìrọ́jú o. Kí ló dé tí ẹ kò fi sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé wárápá ni?"

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó ti ní àfẹ́sọ́nà. Ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ fún un bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ yẹn?"

N kò rí èsì fọ̀. Ìfẹ́ ni ó mú màmá fi ọ̀rọ̀ pamọ́, kì í ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n èjìká tí wọn ìbá fà padà láàárín ọjọ́ díẹ̀ di ohun tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ lé lórí. Ó ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n kò lè na apá ọ̀tún náà sókè fi aṣọ kọ́ mọ́. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì gbọ́ nígbẹ̀yìn, kò sá. Òun gan-an ni ó ń rán an létí oògùn rẹ̀ lálaalẹ́.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Òṣòdì kì í dá. Kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó kó ọjà kúrò lójú irin ní 2009, èrò ibẹ̀ kò lóǹkà. Lónìí tí ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n ṣí ní 2019 wà níbẹ̀, èrò kò dín. Bí wárápá bá gbé ènìyàn níbẹ̀, àwọn kan yóò sá, àwọn kan yóò sáré wá di ọwọ́ òun ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Àwọn méjèèjì kò ṣe é dáadáa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ dúró tì í, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe di apá rẹ̀ mú, ẹ má sì jókòó lé e. Iṣan tí ń fà tẹ́lẹ̀, bí a bá tún ń bá a fà á, èjìká ni yóò san án. Ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí, ẹ fi aṣọ rọ̀ ọ́ lórí, ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Bí ó bá ti rọlẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè dà jáde. Ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú iná, ẹ má sì rọ àgbo ìtọ̀ màlúù sí i lọ́nà ọ̀fun. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé àgbo náà a máa já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè pa ọmọdé. Ẹ máa wo aago: bí gbígbọ̀n náà bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Nígbà tí ojú rẹ̀ bá ti là dáadáa, ẹ ní kí ó tẹ́wọ́. Kí ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹni tí ń gba ohun tí àgbà fẹ́ fún un. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ìgúnpá mọ́ ìhà, kí ó ká a, kí ó sì ṣí ọwọ́ síta bí ilẹ̀kùn. Ẹni tí èjìká rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́yìn kò ní lè ṣe é. Apá náà yóò kọ̀, yóò ká wọ inú. Ẹ má fi tipátipá ṣí i. Kì í ṣe pé ọgbọ́n yìí rọ́pò dókítà. Ohun tí ó wà fún ni pé kí a tètè mọ̀ pé ó yẹ kí a lọ rí dókítà. Bí ó bá tilẹ̀ tẹ́wọ́, tí ìrora èjìká kò lọ, ẹ lọ síbẹ̀ náà.

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ sọ ohun mẹ́ta: wárápá gbé e, èjìká ni ó ń dùn ún, kò lè tẹ́wọ́. Ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ùn. Bí àwòrán kan ṣoṣo ni wọ́n yà, ẹ fi ọ̀wọ̀ bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ṣé a lè ya èyí tí ó gba ẹ̀gbẹ́?" Ilé Ìwòsàn Ìjọba wà ní Ìsọlọ̀. Ilé ìwòsàn eegun ti Ìgbóbì, tí ó bẹ̀rẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn sójà tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, kò jìnnà sí wa.

Bí wọ́n bá tètè rí i, wọn yóò fún un ní oògùn orun, wọn yóò fà á padà jẹ́jẹ́, wọn yóò sì dè é fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá pẹ́, tí ojú kòtò ara orí eegun sì tóbi, iṣẹ́ abẹ ni. Láti 1952 ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Harrison McLaughlin, ti kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe lè fi iṣan dí kòtò náà kí eegun má baà yọ́ jáde mọ́. Bí kòtò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì orí eegun, ó lè gba pé kí wọ́n fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Èmi kò bú àwọn tí ń to eegun nílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ ọwọ́ eegun tí ó ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí kòtò yìí, bí a bá sì fi agbára fa eegun tí ó há, ó lè ṣẹ́.

Gbogbo ìtọ́jú èjìká yìí asán ni bí wárápá bá tún padà wá. Ohun tí a tò yóò tún tú. Nítorí náà, oògùn wárápá ni oògùn èjìká àkọ́kọ́. Láti 1912 ni Alfred Hauptmann ní Jámánì ti rí i pé phenobarbital ń dá wárápá dúró, a ṣì ń lò ó títí dòní, òmíràn tí ó dára sì ti pọ̀ sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 10 tí ó ní wárápá, bí 7 ni ó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá ń lo oògùn tí ó yẹ déédéé. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá, tí ó ti wà láti 1907, ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì níhìn-ín. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ilé ìwòsàn náà lé yín sá. Lílọ síbẹ̀ kò sọ ènìyàn di wèrè.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa ni a ní èdè yìí, àwa ni a ń kọ́ ọ. Bí a bá lè kọ ìwé lórí oríkì àti òwe, ẹ jẹ́ kí a lè pe wárápá ní wárápá níwájú dókítà láìmi ojú. Ẹ kọ́ àwọn ará ilé yín ní gbólóhùn kékeré tí ó rọrùn yìí: bí ó bá ti lajú, ẹ ní kí ó tẹ́wọ́.